Ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe àwọn òṣìṣẹ́ kúwárì yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ẹnjiníà. Èmi ni mo ń bójú tó iṣẹ́ ní kúwárì kan lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Lọ́dún tó kọjá, a gbé kọnsọ́tántì kan wá. Ó fi ọjọ́ méjì bá àwọn ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, a dá aṣọ fún wọn, a sì fi bọ́nọ́ọ̀sì sórí gbogbo típà tí wọ́n bá dà sí krọ́ṣà, ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta. Oṣù kìíní àti ìkejì, òkúta pọ̀ sí i. Nígbà tó fi di oṣù kẹrin, ó ti burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀lẹ ti wọ̀ wọ́n lára. Ṣé kí n lé bíi méjì kí àwọn yòókù lè gbọ́n, àbí kí n fi kún bọ́nọ́ọ̀sì? Mo fẹ́ kí àtúnṣe yìí dúró.

Ìdáhùn: Ẹ má lé ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì fi kọ́bọ̀ kún bọ́nọ́ọ̀sì yẹn.

Lẹ́tà karùn-ún rèé tí mo máa gbà lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí èyí tí kò ní kọnsọ́tántì àti aṣọ nínú. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò dúró nídìí krọ́ṣà rí láyé ẹ̀, tó wá ń kọ́ àwọn tó ń jẹ eruku òkúta láti àárọ̀ bí wọ́n ṣe máa fẹ́ràn iṣẹ́ wọn, owó yín ló wá gbà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí bọ́nọ́ọ̀sì yín ń rà. Iye típà tó bá dà lẹ ń sanwó lé. Dírẹ́bà tó ti gbé òkúta ràbàtà kan mọ́ ẹrù, èyí tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fọ́ nílẹ̀, ṣé ẹ rò pé ó máa padà lọ jù ú sílẹ̀? Á dà á ni. Òkúta á há sí krọ́ṣà lẹ́nu, krọ́ṣà á dúró, gbogbo èèyàn á wá yí i ká. Bó bá ṣẹlẹ̀ lópin ṣíìfù, àwọn aláàárọ̀ ti ka típà tiwọn, àwọn tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ló jogún wàhálà. Fọ́mánì tí wọ́n ń bi ní iye típà kò ní dá ẹ̀rọ dúró nítorí girísì. Ọ̀nà tó ti di kòtò, wọ́n á máa sáré lórí ẹ̀ bẹ́ẹ̀, táyà á máa bẹ́. Lóṣù kìíní àti ìkejì, ara ẹ̀rọ lẹ ń jẹ. Nígbà tó dẹ̀yìn ìyẹn, ẹ̀rọ wá sin gbèsè ẹ̀. Ohun tí ẹ sanwó fún gan-an ni àwọn èèyàn yín ṣe, wọ́n sì ṣe é dáadáa.

Òkúta ràbàtà yẹn pàápàá, dírẹ́bà kọ́ ló bí i. Ìdí ihò tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí ló ti wá: bí àwọn ihò bá jìnnà síra jù, tàbí tí wọ́n bá wọ́ nísàlẹ̀, àpáta kò ní fọ́ bó ṣe yẹ. Ọmọ tó ń lu ihò mọ ibi tí irin ti rì wìì lọ́wọ́ òun, bí ẹni pé ó bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ta ló bi í? (Ẹni tó ní ìwé àṣẹ ẹ̀tù nìkan ló lè yí bí ẹ ṣe ń lu ihò padà o. Ẹ má fi ìdáhùn mi yìí ṣe é.)

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní kúwárì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, bàbá kan wà tó ń fi girísì sí ẹ̀rọ. Ó gbọ́ tí béárìn kan, irin tí ọ̀pá ẹ̀rọ fi ń yí, ń han lára krọ́ṣà. Ó sọ fún fọ́mánì lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, fọ́mánì bi í pé, "Ṣé ìwọ ni ẹnjiníà ni?" Bàbá dákẹ́. Nígbà tí béárìn náà jóná, ọjọ́ mẹ́fà gbáko la fi jókòó. Mo lọ bá bàbá, mo ní kí ló dé tí kò wá sọ fún èmi. Ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà wà ńbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ rẹ́rìn-ín." Òótọ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni àtúnṣe ti ń kú. Èèyàn sọ̀rọ̀, èsì kò padà wá, ó wá gba ẹnu ẹ̀ lọ sílé. Lílé tí ẹ fẹ́ lé méjì á kàn jẹ́ kí àwọn yòókù mọ̀ pé ẹnu dídì ló sàn. Ní ibi ìwa èédú Iva Valley ní Enugu, lọ́dún 1949, àwọn awakùsà fa ọwọ́ iṣẹ́ sẹ́yìn nítorí owó tí wọ́n ní àwọn ń béèrè. Àwọn ọ̀gá lé lára wọn. Ní November 18, ọlọ́pàá yìnbọn, èèyàn 21 kú. Mi ò ní tiyín máa dé bẹ́ẹ̀ o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí iṣẹ́ bá ń falẹ̀, ó ní ohun tó ń sọ.

Ó yá, kí lẹ máa ṣe? Ẹ ra pátákó dúdú kan, kí ẹ gbé e síbi tí àwọn èèyàn ti ń fọwọ́ síwèé iṣẹ́, kì í ṣe ọ́fíìsì yín. Níbẹ̀rẹ̀ ṣíìfù kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ìdúró: kí ló dá krọ́ṣà dúró lánàá, wákàtí mélòó, ta ló máa rí sí i, ọjọ́ wo. Èyí tí ẹ ò lè ṣe, ẹ sọ pé ẹ ò lè ṣe é, kí ẹ sì sọ ìdí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ojúmọ́ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àwọn ló ń rí jù. Nǹkan tí wọ́n bá kọ́kọ́ dárúkọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ọ̀nà típà ni tàbí omi mímu. Ẹ ṣe é kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Fọ́mánì tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ tí tiwa sọ sí bàbá onígirísì, òun ni kí ẹ pè sí kọ̀rọ̀.

Bọ́nọ́ọ̀sì ńkọ́? Bó bá pọn dandan, ẹ gbé e lé òkúta tó kọjá lórí ìwọ̀n níbi tí wọ́n ti ń tà, kí gbogbo èèyàn jọ pín in, títí kan àwọn mẹkáníìkì. Ẹ má sanwó fún "oṣù tí ẹnikẹ́ni kò fara pa" láéláé. Wọ́n á kàn máa fi ọgbẹ́ pamọ́ ni, bẹ́ẹ̀ òfin ọdún 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó fara pa ní kí ẹ jábọ̀ ẹ̀.

Lọ́dún 1987, Paul O'Neill di ọ̀gá àgbà Alcoa ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe alumíníọ́mù. Àwọn olówó ń retí ọ̀rọ̀ èrè, ó ní bí òṣìṣẹ́ kò ṣe ní í fara pa lòun máa bójú tó. Wọ́n rò pé orí ẹ̀ dàrú. Ṣùgbọ́n kéèyàn tó mọ ohun tó ń ṣe òṣìṣẹ́ léṣe, ó gbọ́dọ̀ mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ gan-an, ẹni tó ń ṣe é ló sì lè sọ ọ́. Èrè wọn ga gan-an lábẹ́ ẹ̀.

Mi ò tíì dé kúwárì yín, nítorí náà ẹ fi ojú ara yín wo ohun tí mo sọ. Ẹyọ kan péré ni mi ò gbà kí ẹ jiyàn lé: òkúta tó bá há, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ tàbí irin kàn án nígbà tí iná wà lára ẹ̀rọ. Ẹ ra àgádágodo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń sún mọ́ ọn, kí kálukú fi tiẹ̀ ti ibi tí wọ́n ti ń tan iná, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹ̀ títí á fi jáde.

Ẹ kọ̀wé sí mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ má sọ iye típà fún mi. Iye wákàtí tí krọ́ṣà fi dúró ni mo fẹ́ mọ̀, àti ohun tí ọmọ tó ń lu ihò sọ.