Ìtọ́jú Àyíká fún Àwọn Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi: Iṣẹ́ Ọwọ́ Níbi Tí Kò Sí Ilẹ̀

Ìbéèrè: Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5 ni mò ń kọ́. Wọ́n ní kí n kọ́ wọn ní ìtọ́jú àyíká, ṣùgbọ́n kóńkéré ni gbogbo ọgbà ilé-ìwé wa, àwọn òbí mìíràn a sì máa bínú bí aṣọ ọmọ wọn bá dọ̀tí. Orin àti àwòrán ara ògiri nìkan ni mo ń lò. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Orin kò burú, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 4 lè máa kọrin ìmọ́tótó kí ó sì ju ọ̀rá bisikíìtì sílẹ̀ kí orin náà tó parí. Ohun tí ọmọdé bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú ni ó máa ń ká a lára. Friedrich Froebel, ará Jámánì tí ó bẹ̀rẹ̀ irú ilé-ìwé yìí ní 1837, a máa pín abala ilẹ̀ kékeré fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láti gbin nǹkan sí. Agolo àti ike àlòkù yóò ṣe iṣẹ́ kan náà fún yín.

Ẹ̀wà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ki òwú tútù sínú ife ike tí ojú lè rí inú rẹ̀, kí ẹ sì há hóró ẹ̀wà sí àárín òwú àti ara ife, kí àwọn ọmọ lè rí gbòǹgbò bí ó ṣe ń yọ láàárín ọjọ́ 2 sí 4 tí yóò sì dorí kọ ìsàlẹ̀ kí ewé tó jáde. Ẹ má bu omi sí ife kan rárá, kí ẹ má sì sọ ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ fúnra wọn yóò béèrè. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ sínú agolo ńlá tí ẹ ti lu nísàlẹ̀. Èso rẹ̀ kéré púpọ̀, nítorí náà ẹ fi iyanrìn pò ó kí ẹ tó fọ́n ọn. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni ó fi ń tó já, kí sáà tó parí. N kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti fi ewédú bẹ̀rẹ̀, nítorí èèpo èso rẹ̀ le, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó hù bí a kò bá kọ́kọ́ fi omi gbígbóná ṣe é.

Ẹ má jẹ́ kí gbogbo kíláàsì máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ìfẹ́ àwọn ọmọ ń pa ẹ̀fọ́ ju ọ̀dá lọ. Ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni kí ó gba iṣẹ́ omi lọ́sẹ̀ kan, kí àwọn mìíràn máa ṣa ewé gbígbẹ, kí àwọn tó kù sì máa ya ọ̀rá sọ́tọ̀ kúrò lára èèpo èso.

Lórí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ rì èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan sínú garawa ilẹ̀dú kan náà, kí ilẹ̀ náà máa tutù díẹ̀, kí ẹ sì hú méjèèjì jáde níparí sáà. Èèpo yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ilẹ̀, ọ̀rá yóò sì wà bí ó ṣe wà. Ọmọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú u kò nílò àlàyé gígùn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ajílẹ̀, ẹ má fi ẹran, ẹja tàbí oúnjẹ olóròóró sí i, kí eku àti eṣinṣin má baà wá.

Ní ti aṣọ, ẹ bẹ àwọn òbí kí wọ́n fi ẹ̀wù àlòkù àgbàlagbà kan ránṣẹ́ láti máa wọ̀ lé aṣọ ilé-ìwé.

Ààbò ni kí ẹ má fi ṣeré. Ẹ fọ ẹ̀wà ọjà dáadáa, nítorí oògùn kòkòrò tí àwọn kan máa ń fi sí i, kí irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn pa láró má sì dé ọwọ́ ọmọ. Ẹ máa ṣọ́ àwọn tí ó kéré jù, tí wọ́n lè ki hóró bọ imú tàbí etí. Bí lápálàpà bá wà létí ọgbà yín, ẹ gé e, májèlé ni èso rẹ̀. Bàtà ni kí wọ́n wọ̀ nídìí ilẹ̀, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Omi tí ó bá dúró sábẹ́ agolo, ẹ máa dà á nù lójoojúmọ́, nítorí ẹ̀fọn lè ti inú ẹyin dàgbà níbẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Iṣẹ́ yìí náà, ẹ lè fún ọmọ kan ṣe.