Ẹ Má Sanwó Lẹ́ǹsì HD: DVD Kì í Di Blu-ray

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ẹnjiníà wa. Ọmọ mi tó wà ní Houston fi àwo fídíò ìgbéyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Tí mo bá ti ki àwo náà bọ inú DVD mi, "No Disc" ló ń kọ. Bẹ́ẹ̀ 1080p ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí DVD náà nígbà tí mo rà á. Ẹni tó ń bá wa tún nǹkan ṣe ní lẹ́ǹsì ló ti kú. Ó pààrọ̀ rẹ̀, kò ṣiṣẹ́. Ó tún wá ní "lẹ́ǹsì HD" ni ká rà báyìí. Èló ló yẹ kí n san? (Ìyá kan, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire ìgbéyàwó ọmọ, mà. Ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mọ ẹní o.

Kọ́bọ̀ kan, ẹ má san án. Ó jọ pé Blu-ray ni àwo tí ọmọ yín fi ránṣẹ́, ìyẹn irú àwo tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti DVD lọ. Kò sí lẹ́ǹsì kankan láyé yìí tí wọ́n ń fi sínú DVD tó fi máa ka Blu-ray. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù níwájú mi, inú sì ń bí mi sí i. Ẹni tó bá tú DVD palẹ̀ tó ní òun máa sọ ọ́ di Blu-ray, bí kò bá jẹ́ pé kò mọṣẹ́, a jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ owó olówó ni.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ká mọ irú àwo tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. DVD tí wọ́n bọ́ọ̀nù, ìyẹn èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kó fídíò sí, sábà máa ń ní àwọ̀ elésè àlùkò. Ẹ̀yìn Blu-ray tí wọ́n bọ́ọ̀nù máa ń ṣú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa ń jẹ́ àwọ̀ eérú tó dúdú. Ẹ wá yí ojú rẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá rí BD-R tàbí 25GB, Blu-ray ni. Tó bá jẹ́ 4.7GB lẹ rí, DVD ni, ọ̀rọ̀ sì yí padà nìyẹn: ó lè jẹ́ pé ẹni tó bọ́ọ̀nù rẹ̀ kò parí iṣẹ́ dáadáa. Tó bá jẹ́ pé bébà àwòrán tọkọtaya ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lójú, ẹ bi ọmọ yín. Èmi ò rí àwo náà o, àmọ́ pẹ̀lú bẹ́ ẹ ṣe ròyìn rẹ̀, Blu-ray ni mo máa fi dáhùn.

1080p ara páálí yẹn, àwòrán tí DVD yín ń gbé jáde sínú tẹlifíṣọ̀n láti ojú wáyà HDMI ló ń sọ. Kò sọ irú àwo tó lè kà. Tá a bá ka àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán (píksẹ́lì), àwòrán inú àwo DVD kò ju 720 ní ìbú àti 576 ní òró lọ. Ti Blu-ray jẹ́ 1920 àti 1080. Ẹ ṣírò rẹ̀, ìlọ́po 5 gééré ni. Ńṣe ni DVD oní-1080p ń fẹ àwòrán kékeré yẹn lójú kó lè kún tẹlifíṣọ̀n. Ó lè dán sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí kò sí nínú àwo kò lè ti ibẹ̀ jáde.

Ká wá sórí lẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń dààmú yín. Iná lésà ni ẹ̀rọ yìí fi ń ka àwo. Pupa ni ti DVD, ìgbì rẹ̀ gùn tó 650 nánómítà. Ti Blu-ray jẹ́ búlúù tó fẹ́ di àlùkò, 405 ni tirẹ̀. Bí ìgbì iná bá ṣe kúrú tó ni ojú ibi tó ń tàn sí ṣe lè kéré tó. Orí ìlà tín-ín-rín ni wọ́n kọ fídíò sí lára àwo. Lára DVD, ìlà kan fi 0.74 máíkírọ́ọ̀nù jìnnà sí èkejì. Lára Blu-ray, 0.32 péré ni, ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló sì wà nínú mílímítà kan. Iná pupa tó bá balẹ̀ sórí ìlà tó fún pọ̀ tó báyẹn, ó kàn máa tẹ ìlà mélòó kan mọ́lẹ̀ pọ̀ ni. Ọmọorogùn ni wọ́n fẹ́ fi yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Ìjìnlẹ̀ wọn gan-an kò dọ́gba: ohun tí DVD ń kà wà ní 0.6 mílímítà sí ojú àwo, ti Blu-ray wà ní 0.1. Nítorí náà, òótọ́ ni ẹ̀rọ yín ń sọ bó ṣe kọ "No Disc" yẹn, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ fi DVD fíìmù tẹ́ ẹ ti ń wò tẹ́lẹ̀ sí i. Tó bá kà á, kò sóhun tó ṣe lẹ́ǹsì yín, ó sì ṣeé ṣe kó má sóhun tó ṣe èyí tí wọ́n yọ sọnù náà.

Ká tiẹ̀ ní ọkùnrin náà rí ojú lésà Blu-ray gidi rà, bọ́ọ̀dù inú DVD kò mọ bó ṣe máa darí rẹ̀. Fídíò Blu-ray lè sáré dé mẹ́gábíìtì 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nǹkan bíi 10 ni wọ́n ṣe DVD fún. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé Blu-ray ń ka DVD. Ó ń kà á nítorí pé àwọn tó ṣe é fi lésà pupa ti búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn tó ṣe DVD kò fi búlúù sí tiwọn.

Ohun tí mo máa ní kẹ́ ẹ ṣe nìyí: ẹ ní kí ọmọ yín gba fáìlì MP4 fídíò náà lọ́wọ́ fọ́tógíráfà, kó fi ránṣẹ́, kí ẹnì kan bá yín kó o sórí fláàṣì, kẹ́ ẹ sì fi fláàṣì náà sí ojú USB tẹlifíṣọ̀n yín. Tí fáìlì bá ju 4GB lọ, fláàṣì tí wọ́n fọ́máàtì sí FAT32 (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà tò inú fláàṣì) kò ní gbà á, kí wọ́n gé e sí méjì.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹ̀rọ Blu-ray gan-an ló fẹ́ fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, kó ka ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó sanwó. Tí wọ́n bá kọ 100–240V, kò séwu. Tó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ má fi í sí iná wa láìsí step-down, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù, ó máa jó ni. Wọ́n tún lè ti fíìmù Blu-ray mọ́ agbègbè kan, kí ẹ̀rọ agbègbè mìíràn má lè ṣí i. Ẹ̀rọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà wà ní agbègbè A, àwa àti ìlú Ọba wà ní B. Àwo ìgbéyàwó tí wọ́n bọ́ọ̀nù kì í sábà ní títì yẹn, ṣùgbọ́n fíìmù Blu-ray tí wọ́n rà ní London lè má ṣí nínú rẹ̀. Ẹ má sì tíì fi DVD yín tọrẹ o: VCD ni ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá àtijọ́, ọ̀pọ̀ Blu-ray kì í kà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọṣẹ ìfọyín ra àwo ìgbéyàwó yẹn. Aṣọ rírọ̀ ni kẹ́ ẹ fi nù ún láti àárín bọ̀ sétí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń tú ẹ̀rọ tan iná sí i níwájú àwọn ọmọ-ọmọ yín, lésà lè ba ojú jẹ́.

Ẹ gba lẹ́ǹsì àkọ́kọ́ yín padà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, kẹ́ ẹ sì béèrè owó iṣẹ́ tó gbà.