Bó bá ń kùn tí kásẹ́ẹ̀tì kò yí, ẹ kọ́kọ́ wo bẹ́líìtì

Ẹ ní ẹ fi bátìrì tuntun méjì sínú Walkman bàbá yín, ẹ tẹ play, ó ń kùn wùùù nínú, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì kò yí, ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò sì ní mọ́tò ló kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún un lówó o. Mọ́tò tó kú kì í kùn. Bẹ́líìtì, ìyẹn rọ́bà tí mọ́tò fi ń yí àwọn wílì, ló lọ.

Ojú mi rí màbo kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló mú tèmi bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ní 1986. (Walkman la ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ti Sony tó kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1979.) Nígbà tí mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, n kò rí bẹ́líìtì kankan, àfi nǹkan dúdú bí ọ̀dà tó lẹ̀ mọ́ àwọn wílì. Rọ́bà tó ti darúgbó ni, ó ti yọ́. Mo fi tínà nù ún. Ọ̀dà lọ lóòótọ́, àmọ́ tínà kán sójú fèrèsé ike tí a fi ń wo kásẹ́ẹ̀tì, ó fọ́ ọ lójú títí dòní. Sípíríìtì àti òwú ni kí ẹ lò, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má wọ aṣọ gidi síbẹ̀.

Rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ni mo wá fi rọ́pò rẹ̀. Ó yí! Mo pariwo, ìyàwó mi sáré wá. Ìgbà tí Hárúnà Ìṣọ̀lá máa gbẹ́nu lé orin, ohùn bàbá ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà dá wó. Rọ́bà owó kò nípọn dọ́gba, ó sì ń nà. Ẹ fi òwú ìránṣọ tọ ọ̀nà tí bẹ́líìtì ń gbà, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ yọ ìdá kan nínú ogún: bí òwú bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, bẹ́líìtì tí àyíká rẹ̀ jẹ́ 19 lẹ máa rà. Èyí tó bá le jù ń dá mọ́tò lágara, á sì máa jẹ bátìrì.

Síkúrúù bíńtín kan wà lẹ́yìn mọ́tò tàbí lára pátákó iná, òun ló ń pinnu bí kásẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára yí. Ẹ fi bíírò fàlà sí ibi tó wà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Èmi kò fàlà, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá ojú ibẹ̀. Ẹ tan orin tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, kí ẹ fi wọ́n wéra. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá ń ṣáájú, ẹ dín eré rẹ̀ kù.

Ẹ nu hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn irin tó ń ka ohùn lára téèpù, àti róólà rọ́bà tó ń fa téèpù kí ẹ tó dán an wò, kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ kò nílò sì ni kí ẹ fi dán an. Tèmi ti jẹ téèpù ìkómọ àkọ́bí mi kí n tó rántí róólà yẹn.