Ẹ Wo Ọwọ́ Ọmọ Náà Kí Ẹ Tó Ka Iye Ìgbà Tó Borí

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní ẹ̀yin mẹ́jọ lẹ dáwó ra ẹṣin kan tó ń sáré fo ọgbà, pé tírénà yín, ẹni tó ń kọ́ ẹṣin náà, fẹ́ gbé agẹṣin ọmọ ogún ọdún kan lé e lórí, ọmọ tó borí lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín oṣù kan. Ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà mọṣẹ́ lóòótọ́ tàbí oríire lásán ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tọ́jú ẹṣin ní Lambourn, abúlé kan ní England, níbi tí ẹṣin ti ń kọjá lójú títì láàárọ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá ní Òjòta. Mo ti ṣi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò rí, ẹṣin tí mo fẹ́ràn jù lọ láyé mi ló sì jìyà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dá yín lóhùn.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nílùú Ọba níhìn-ín, agẹṣin tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ń gba ìrànwọ́. Wọ́n máa ń yọ ìwọ̀n pọ́n-ùn 7 nínú ẹrù tí ẹṣin rẹ̀ ń gbé títí yóò fi borí nígbà 20. Lẹ́yìn ìyẹn ó di pọ́n-ùn 5 títí yóò fi pé 40, lẹ́yìn náà pọ́n-ùn 3 títí yóò fi pé 75. Àwọn tó ń ṣírò eré yìí máa ń ka pọ́n-ùn kan sí gígùn ara ẹṣin kan nínú eré máìlì 3. Kí ọmọ náà tó jókòó lórí gàárì rárá, wọ́n ti bá a yọ gígùn ara ẹṣin méje sílẹ̀. Bó bá tún wá jẹ́ pé ilé ẹṣin ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń fún un ní ẹṣin tó dára nínú eré tí kò le, ta ni kò ní borí? Mo mọ àwọn ọmọ tí gbogbo ènìyàn ń pariwo orúkọ wọn nígbà tí wọ́n ń gba pọ́n-ùn 7. Bí ìrànwọ́ yẹn ṣe tán, fóònù wọn dákẹ́.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Rachael Blackmore, agẹṣin ará Ireland, ti pé ọmọ ọdún 25 kó tó sọ ẹṣin gígùn di iṣẹ́ òòjọ́ ní 2015. Bí ẹ bá ka iye ìgbà tó ti borí títí di ọdún yẹn, ẹ ò ní fún un ní ẹṣin gidi. Ní sáà 2016 sí 2017 ó ṣe ìkíní láàárín gbogbo àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ní Ireland, nígbà tó sì di 2021 ó gun Minella Times, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba Grand National, eré ọgbà tó lókìkí jù lọ nílùú Ọba. Àwọn tó kọ́kọ́ fún un ní ẹṣin gùn rí ohun kan lára rẹ̀ tí kò sí nínú ìwé.

Èmi ò rí i nígbà tó kàn mí. Ẹṣin pupa kan wà lọ́wọ́ mi fún ọdún mẹ́rin, oníwà pẹ̀lẹ́ ni, kì í fo ọgbà lọ́nà tó ń dá ènìyàn lójú, ṣùgbọ́n ó láyà. Ọmọbìnrin kan nílé ẹṣin wa ló ń gùn ún. Nínú sáà méjì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni ọmọbìnrin náà borí. Nínú oṣù Kejìlá ọdún kan, ní pápá eré Chepstow, ilẹ̀ rọ̀ débi pé pátákò ń rì, ó gbé ẹṣin mi dé ipò kẹrin. Kò fi pàṣán kàn án lẹ́yìn ọgbà ìkẹyìn. Inú bí àwọn tó ni ẹṣin. Nítorí pé èmi ni mo ń fà á lọ tí mo ń fà á bọ̀, wọ́n bi mí léèrè. Mo ní ọmọbìnrin yìí kò lágbára tó, pé kí wọ́n gbé ẹṣin fún ọmọkùnrin kan tó ń borí lọ́tùn-ún lósì nígbà náà. Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọmọkùnrin yẹn gùn ún. Ní ọgbà kẹsàn-án, èyí tó ní kòtò níwájú, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì í láti òkèèrè, ó ń fẹsẹ̀ gbá a nígbàáyà, ó fẹ́ kó gbéra láti ibi tó jìnnà nítorí pé irú fífò bẹ́ẹ̀ ló ń dùn ún wò. Ẹṣin mi gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó gbéra, kò sì dé òdìkejì. Èjìká ló fi balẹ̀. Èmi ni mo di ìjánu rẹ̀ mú títí oníṣègùn ẹranko fi dé, ó ń gbọ̀n, ó ń fi imú wá àpò mi bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Kò kú, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò sáré mọ́ láéláé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá jókòó wo fídíò eré méjèèjì, ti Chepstow àti ti ọjọ́ burúkú yẹn, títí ojú fi ń dùn mí. Ibi tó yẹ kí n ti máa wò látilẹ̀ ni ìṣísẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú ọgbà. Ọgbà yẹn ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ààbọ̀, ó kéré tán; ẹṣin tó wọn kílò 500 ń bọ̀ lórí eré máìlì 30 ní wákàtí kan. Nínú ìṣísẹ̀ mẹ́rin yẹn, ọmọ tí kò mọṣẹ́ kì í lè fọwọ́ lélẹ̀. Yóò máa tì í, yóò máa fà á, orí ẹṣin á máa lọ sókè sódò. Ọmọbìnrin yẹn, ọwọ́ rẹ̀ kò mì. Ó ti tún ìṣísẹ̀ ẹṣin ṣe ṣáájú, nígbà tí àyè ṣì wà, ó wá fi ẹṣin sílẹ̀ kó wo ọgbà fúnra rẹ̀. Bí ẹṣin bá sún mọ́ ọgbà jù, ọmọbìnrin náà á jókòó jẹ́ẹ́ kí ẹṣin fi ọgbọ́n tirẹ̀ yọ ara rẹ̀. Ẹ wo etí ẹṣin: bí etí méjèèjì bá nà síwájú bó ṣe ń bọ̀ wá sí ọgbà, ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí etí bá ń yí padà sẹ́yìn, agẹṣin ló ń dà á láàmú.

Ẹ tún wo bó ṣe ń balẹ̀. Ẹṣin á ṣe àṣìṣe, kò sí èyí tí kì í ṣe. Nígbà náà ni agẹṣin tó mọṣẹ́ á fa ara rẹ̀ sẹ́yìn, á jẹ́ kí okùn ìjánu yọ́ lọ láàárín ìka rẹ̀ kí ẹṣin lè na ọrùn gba ara rẹ̀ là, gìgísẹ̀ rẹ̀ á sì tẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á di okùn náà mú pinpin bí ẹni tó rọ̀ mọ́ irin ọkọ̀, òun àti ẹṣin á jọ ṣubú. Ẹ wá ka ìṣísẹ̀ tó kọjá kó tó kó okùn jọ tí ẹṣin fi padà sí eré rẹ̀. Méjì ló dára. Bó bá tó márùn-ún ní ọgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣírò ohun tó ń sọnù láàárín ọgbà méjìdínlógún.

Ẹṣin yín kò tíì fo ọgbà púpọ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wò ó bóyá ọmọ náà ń fún irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ láyè láti rí ọgbà, pé kò há a sẹ́yìn ìdí àwọn ẹṣin míì. Kó gba etí ìta, bí ọ̀nà rẹ̀ tilẹ̀ gùn ju tàwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ díẹ̀, kí ẹṣin lè rí iwájú. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní sùúrù ìyẹn.

Ní ti pàṣán, láti 2023 òfin kò gbà ju ẹ̀ẹ̀méje lọ nínú eré ọgbà. Iye yẹn kọ́ ni kẹ́ ẹ wò, ẹ wo ohun tí ẹṣin ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ní Grand National 1973, ẹṣin kan tó ń jẹ́ Crisp gbé stone 12, ìyẹn pọ́n-ùn 168, ẹṣin kejì, Red Rum, gbé pọ́n-ùn 23 dín sí ìyẹn, síbẹ̀ Crisp ló wà níwájú tefétefé lẹ́yìn ọgbà ìkẹyìn. Gígùn tí kò tó ara ẹṣin kan ni Red Rum fi borí rẹ̀. Richard Pitman tó gun Crisp ti sọ ọ́ ní gbangba pé pàṣán tí òun fà yọ ló jẹ́ kí ẹṣin tó ti rẹ̀ yẹn yà kúrò lójú ọ̀nà. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an fún sísọ tó sọ ọ́. Ọmọ ogún ọdún tó bá lè sọ̀kalẹ̀ kó ní “èmi ni mo ṣì í gùn” ti mọ nǹkan kan.

Ẹ má kọ̀ ọ́ nítorí pé ó ṣubú. Ẹṣin kì í dá ni ká má tún gùn ún. Tony McCoy, agẹṣin tó ṣe ìkíní ní sáà 20 léraléra ṣubú débi pé egungun rẹ̀ kan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kù tí kò ṣẹ́. Ọgbà àkọ́kọ́ nínú eré tó tẹ̀lé ìṣubú ni kẹ́ ẹ wò, kẹ́ ẹ rí i bóyá ọwọ́ rẹ̀ ti le. Nínú ìwé eré, lẹ́tà F ni pé ẹṣin ṣubú, U ni pé agẹṣin já bọ́, P ni pé ó dá ẹṣin dúró. U tó pọ̀ ni kó dẹ́rù bà yín. P kì í bí mi nínú mọ́ rárá. Ọmọ tó bá lè dá ẹṣin tó ti rẹ̀ dúró níṣojú àwọn tó sanwó, mo lè fọkàn tán an.

Kẹ́ ẹ tó fún tírénà lésì, ẹ lọ sílé ẹṣin náà láàárọ̀, ẹ wá ẹni tó ń tọ́jú àwọn ẹṣin tí ọmọ yẹn gùn nínú oṣù tó kọjá. Ẹ mú nǹkan dání fún un, ẹ fọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má bi í pé ta ló borí. Ẹ bi í bóyá ẹnu ẹṣin bó níbi tí irin ìjánu ń gbà, àti bóyá ẹṣin jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán lálẹ́ ọjọ́ eré. Lálẹ́ ọjọ́ Chepstow yẹn, ẹṣin mi jẹun tán, ó lá abọ́ mọ́. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi, mo gbé abọ́ náà lọ fọ̀, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.