Àwọ̀ wo ló yẹ pálọ̀ tó ṣókùnkùn?

Ẹ kú ìnáwó ilé o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní fèrèsé kan ṣoṣo ni pálọ̀ yín ní, àti pé ọlọ́dà ní kí ẹ kùn ún ní àwọ̀ eérú torí òun ló wà lóde báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún un. Àwọ̀ eérú máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, yàrá tó ti ṣú tẹ́lẹ̀ á tún ṣú sí i. Àwọ̀ mílíìkì ni kí ẹ lò, kí ẹ sì jẹ́ kí àjà funfun báláú.

Ẹ má tìtorí káàdì tí wọ́n fi hàn yín ní ṣọ́ọ̀bù ra ọ̀dà rẹpẹtẹ. Ike kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì sára ògiri tó kọjú sí fèrèsé, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2, kí ẹ sì kun òmíràn sí igun tó ṣú jù. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, torí ọ̀dà tútù kì í jọ èyí tó ti gbẹ. Ẹ wò ó láàárọ̀, ẹ wò ó lọ́sàn-án, kí ẹ tún tanná wò ó lálẹ́. Gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú á mú kí àwọ̀ mílíìkì yẹn pọ́n sí i, èyí tó ń tàn funfun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún sọ pé ọmọ kéékèèké wà nílé. Satin, ìyẹn ọ̀dà tó máa ń dán díẹ̀, ni kí ẹ rà nígbà náà, ó ṣeé fi aṣọ tútù nù. Emulsion, ìyẹn ọ̀dà olómi, èyí tí kò wọ́n nínú rẹ̀ á ṣí bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n bí ìsàlẹ̀ ògiri bá ń rin, ẹ wá bíríkìlà kó tọ́jú rẹ̀ ná kí ọlọ́dà tó dé.