Àbúrò tó fẹ́ yá owó san gbèsè ibi márùn-ún, dúró ná

Àbúrò, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní Ìkéré lo ti ń kọ́ ọmọ níwèé, ibi márùn-ún lo jẹ gbèsè sí, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦640,000, ẹnì kan sì ti ní òun á yá ọ ní ₦700,000 kí o fi san gbogbo rẹ̀, kí o wá máa san ti òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. O tún béèrè bóyá ọlọ́pàá lè mú ọ, àti bóyá kí o sọ fún ọmọbìnrin tí ẹ jọ fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Disẹ́ńbà. Má bínú pé mo ń fi "o" bá ọ sọ̀rọ̀, àkọ́bí mi ju ọ́ lọ.

Télọ̀ ni mí, lọ́nà Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì. Ọdún méjì àbọ̀ ni mo fi san ₦565,000, mo sì ti ṣe ohun tí o fẹ́ ṣe yìí rí.

Òkú ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2019. Ṣé o mọ bí a ṣe ń sin òkú àgbà nílẹ̀ Èkìtì. Mo gbà ní kọpurétífù, mo gbà lọ́wọ́ àwọn gbọ́mú-lé-lántà (àwọn tó ń yá obìnrin lówó ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, tí wọ́n ń gbà á padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀), mo kó àǹkárá àti léèsì láwìn ní Ọjà Ọba, ẹ̀gbọ́n mi tún yá mi lówó kún un. A pa màlúù, a gún iyán, wọ́n jẹun, wọ́n kí mi kú ìnáwó. Ọdún kejì ni kòrónà dé. Àríyá dáwọ́ dúró, ta ni yóò ránṣọ?

Ti gbọ́mú-lé-lántà ku ₦110,000 nígbà náà. Ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn, wọ́n ní wọ́n á fún mi ní ₦200,000 kí n fi parí ti àkọ́kọ́. Inú mi dùn. Wọ́n yọ ₦20,000 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìpamọ́, wọ́n yọ ₦3,000 owó fọ́ọ̀mù, ₦177,000 ló dé ọwọ́ mi. Mo san ₦110,000, ó ku ₦67,000. Owó yẹn kò lò tó oṣù kan nílé. Ohun tí wọ́n wá ń retí lọ́wọ́ mi ni ₦10,000 lọ́sẹ̀ kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún, ìyẹn ₦240,000. Bó o bá san títí dé ọ̀sẹ̀ kejìlá, tí o ti dá ìdajì owó wọn padà, èlé tó wà nínú ₦10,000 yẹn kò ní fi kọ́bọ̀ kan dínkù. Orí ₦200,000 ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Bi ẹni tó fẹ́ fún ọ ní ₦700,000 léèrè: èlé náà ń dínkù bí mo ṣe ń san án àbí kò dínkù? Tó bá ń dọ́gbọ́n yí ọ̀rọ̀ po, o ti gbọ́ èsì.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni ọwọ́ mi kọ̀. Mo bá lọ sórí ápù tó ń yáni lówó lórí fóònù.

₦30,000 ni mo tọrọ, ₦24,000 ló wọ àkáǹtì. Lọ́jọ́ kẹrìnlá wọ́n béèrè ₦30,000. N kò ní i, wọ́n ní kí n san ₦6,000 kí àwọn sún ọjọ́ síwájú. Mo sún un lẹ́ẹ̀mẹrin. Láàárín oṣù méjì mo ti san ₦24,000, gbogbo ohun tí mo gbà lọ́wọ́ wọn pátá, mo sì tún jẹ ₦30,000 bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní àkókò kan náà, kọpurétífù tí mo jẹ ní ₦230,000, èlé rẹ̀ lóṣù kò ju ₦2,300 lọ. Síbẹ̀ ẹ̀rù kọpurétífù ló ń bà mí lóru, torí pé òun ló tóbi jù. Ti ápù, mo pè é ní owó kékeré.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, mò ń ta bọ́tìnnì sára aṣọ ìdáná oníbàárà kan, oníbàárà mi mìíràn wọlé. Kò jókòó. Ó na fóònù sí mi. Fọ́tò mi ni, èyí tí mo yà nígbà tí mò ń forúkọ sílẹ̀ lórí ápù, wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ ONÍJÌBÌTÌ sí i láyà, wọ́n ní ẹni tó bá mọ̀ mí kó sọ fún mi kí n dá owó olówó padà. Gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù mi ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ó ní, "Màmá, mo ní kí ẹ rí i fúnra yín ni." Abẹ́rẹ́ gún mi, n kò mọ̀, àfi ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kán sára aṣọ funfun yẹn. Itọ́ ni àwa télọ̀ fi ń yọ ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ kó tó gbẹ. Mo ń tu itọ́ sí i, mò ń nù ún, omijé náà ń kán sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ṣí ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà, mo ya ìlà sí i. Ta ni mo jẹ, èló ló kù, èló ni èlé rẹ̀ lóṣù, ta ni yóò jìyà tí n kò bá san. Ọmọ mi obìnrin ló bá mi rò ó pọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ₦565,000 létí ara mi. Ṣáájú ìgbà yẹn, "bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún" ni mò ń sọ fún ara mi. Ìwọ náà, ṣé ó dá ọ lójú pé ₦640,000 ni?

Ìlà kẹta lo máa wò láti mọ ẹni tí wàá kọ́kọ́ san. Ápù ló wà lókè. Mo kó léèsì mẹ́rin tí mo rà fún òkú náà àti àwọn gèlè rẹ̀, mo tà wọ́n ní ₦38,000. Owó tí mo fi rà wọ́n ju ₦150,000 lọ. Wọ́n ní mo ta nǹkan ìyá mi. Kì í ṣe nǹkan ìyá mi, àwìn ni. Mo san ₦30,000, mo gba ẹ̀rí pé mo ti san án tán, mo yọ ápù náà kúrò lórí fóònù. Ẹnì kan gbà mí níyànjú pé kí n ta ẹ̀rọ wíífìn mi, èyí tí mo fi ń di etí aṣọ, ó lè mú ₦60,000 wá. N kò tà á. Òun ló ń bọ́ mi.

Lẹ́yìn náà ni gbọ́mú-lé-lántà, torí pé tí n kò bá san, àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ ni wọ́n máa ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Fúnra mi ni mo rìn lọ sí ọ́fíìsì wọn ṣáájú ọjọ́ ìpàdé. Mo gbé ₦5,000 sórí tábìlì, mo ní iye tí mo lè máa san lọ́sẹ̀ nìyí. Wọ́n kọ́kọ́ ṣàtakò, wọ́n halẹ̀, nígbà tó yá wọ́n gbà, wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì mi. Ẹni tó wá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ó ṣòro kí wọ́n lé e. Ti aláṣọ Ọjà Ọba, ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ ni mo fi san: ó ń rán oníbàárà sí mi, mò ń ránṣọ, a ń yọ ọ́ nínú gbèsè. Ìwọ tó o jẹ́ tíṣà, o lè máa lọ kọ́ ọmọ wọn nílé.

Aṣọ ẹbí, n kò rà ju ẹyọ kan lọ fún ọdún méjì. Télọ̀ tí kì í wọ aṣọ ẹbí! Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín dáadáa.

Wàyí o, mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kó gbèsè jọ sójú kan láéláé. Tí kọpurétífù bá wà níléèwé rẹ, tí o ti ń dáwó níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á yá ọ ní ìlọ́po méjì ohun tí o ti fi pamọ́, bí o bá rí onídùúró méjì. Fi ìyẹn pa ápù àti olówó èlé rẹ́ lọ́jọ́ kan náà, kó má sùn sílé. Èyí mọ́gbọ́n dání. Ti ₦700,000 ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹn, kò mọ́gbọ́n dání.

Má sì ronú àtisá fún báńkì tí o bá jẹ ní gbèsè nípa gbígbé owó oṣù lọ sí báńkì mìíràn. Láti ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti fún àwọn báńkì láṣẹ láti fa gbèsè tí o jẹ wọ́n nínú àkáǹtì yòówù tí BVN rẹ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ ní báńkì) bá wà, ní báńkì yòówù kó jẹ́.

Ní ti ọlọ́pàá: Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020, abala 32, sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí pé ó kàn jẹ gbèsè. Kóòtù ni kí olówó gbà lọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí o kọ sọ̀wédowó sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú, kọ̀ jálẹ̀. Sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀. Tí ápù bá fi fọ́tò rẹ ránṣẹ́ sí ènìyàn, ya àwòrán ojú fóònù náà, fi ẹjọ́ wọn sun FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà. Nígbà tèmi, kò tíì sí àkọsílẹ̀ ápù lọ́dọ̀ wọn. Ọdún 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan mú wọn forúkọ sílẹ̀, òfin tuntun ti ọdún 2025 sì lè bu ìtanràn 100 mílíọ̀nù náírà lé wọn. Kí o tó tọrọ owó lórí ápù kankan, wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ FCCPC.

Ó ku ti ọmọbìnrin yẹn. Sọ fún un kí Disẹ́ńbà tó dé, kí o mú ìwé tí o kọ ọ́ sí dání.

Èmi kò sọ fún ọkọ mi. Láyé àtijọ́, olówó a máa rán ológò lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ajẹgbèsè, á máa jẹ, á máa mu, á máa bú u títí wọ́n á fi san án. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ṣe é fún mi ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ ìwé yẹn, kí n tó lọ sí ọ́fíìsì wọn. Méje ni wọ́n, wọ́n tẹ́ ìdí sórí bẹ́ǹṣì wa láti aago mẹ́fà àárọ̀. Ọkọ mi ṣílẹ̀kùn, ó ní ẹ káàárọ̀, wọn kò dáhùn. Ó padà wọlé, ó bi mí pé èló ni. Mo gbé ìwé ìwọ̀n fún un. Ó kà á, ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, bí ẹni pé ojú ìwé mìíràn ṣì ń bọ̀. Ó wá lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó mú ₦18,000 tó ti ń tọ́jú fún táyà ọkọ̀ rẹ̀ jáde. Odindi oṣù kan ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀ tó gún. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday kọ̀ọ̀kan ló máa ń na ọwọ́ sí mi pé kí n gbé ìwé náà wá kí òun rí èyí tó ti kúrò níbẹ̀.