Ìlà orí máàpù gba inú gáréèjì mi kọjá: ta ló ni ilẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ará ilé kejì wa fẹ́ ṣe fẹ́ǹsì tuntun. Ó ṣí máàpù ilẹ̀ kan lórí fóònù rẹ̀, ìlà ààlà sì gba inú gáréèjì mi kọjá, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí ògiri. Ó ní orí ilẹ̀ òun ni mo kọ́lé sí. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀ẹ̀kejì, pulọ́ọ̀tì kan ṣófo lẹ́yìn ilé wa, mo sì fẹ́ rà á. Ṣé máàpù yìí lè sọ ẹni tó ni ín fún mi?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì bá a jà, ẹ má sì jẹ́ kó gbẹ́ ihò kankan. Àwòrán ààlà ni ìlà tí ẹ rí yẹn, kì í ṣe ààlà fúnra rẹ̀. Orí ìwé ni wọ́n ti yà á. Kò sẹ́ni tó gbé irinṣẹ́ wá sórí ilẹ̀ yín nítorí rẹ̀.

Máàpù tí àwọn èèyàn sábà máa ń ṣí ní Houston ni ti Harris Central Appraisal District, HCAD. Iṣẹ́ ọ́fíìsì náà ni láti díye lé ilé àti ilẹ̀ kí wọ́n lè mọ owó orí tí kálukú máa san. Ohun tó jẹ wọ́n lógún ni pé kí pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ọ̀kankan má sì bọ́ sẹ́yìn. Bí ìlà bá fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta yẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì, kò yí owó orí padà. Láti 2011 ni òfin Texas ti ní kí irú máàpù bẹ́ẹ̀ tó bá ti ọwọ́ ìjọba jáde máa gbé ìkìlọ̀ lórí, pé kì í ṣe ìwọ̀n tí wọ́n ṣe lórí ilẹ̀, àti pé ibi tí ààlà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ló ń fi hàn. Ẹ wá ìkìlọ̀ náà kàn, kí ẹ sì ka á fún ará ilé kejì yín.

Kí ló wá gbé ìlà wọ inú gáréèjì? Ohun méjì ló sábà máa ń fà á. Àkọ́kọ́ ni pé inú ọ̀pọ̀ ìwé tí ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba ni wọ́n ti kó àwọn ìlà náà jọ. Nígbà tí wọ́n tò wọ́n pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, etí wọn kò bá ara mu, ni wọ́n bá tì wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún títí wọ́n fi wọlé síra. Èkejì ni fọ́tò tó wà lábẹ́ ìlà. Inú bàálù ni wọ́n ti yà á, bàálù kò sì lè dúró sókè orí ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ ni kámẹ́rà ti ń wo ọ̀pọ̀ ilé, nítorí náà òrùlé á dà bíi pé ó fì kúrò lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí ilé bá ṣe ga tó ló ṣe ń fì tó. Ẹ sì rántí pé etí òrùlé máa ń yọ kọjá ògiri.

Ẹ lè dán èyí wò lórí àga níbi tí ẹ jókòó sí. Ẹ wo gbogbo ilé tó wà ní òpópónà yín lórí máàpù kan náà. Bí ìlà bá ge ẹ̀gbẹ́ kan náà lára gbogbo wọn, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, máàpù ló yẹ̀, kì í ṣe ilé yín. Bí máàpù bá ní fọ́tò ọdún mìíràn, ẹ yí i síbẹ̀: ìlà kò ní kúrò lójú kan, àmọ́ òrùlé á sún. Bó bá jẹ́ tiyín nìkan ló wọlé, tó sì ń wọlé nínú fọ́tò gbogbo ọdún, ọ̀rọ̀ náà gba àyẹ̀wò gidi.

Ohun tí máàpù yìí wúlò fún jù ni láti fi wá ìwé. Ẹ tẹ nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà nìkan. Bí ẹ bá fi Drive tàbí Lane kún un, ó lè ní òun kò rí i. Nọ́ńbà àkáǹtì oní-díjítì 13 á jáde, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kúkúrú kan bíi LT 14 BLK 3 (ìyẹn pulọ́ọ̀tì 14 nínú búlọ́ọ̀kù 3), tí orúkọ ẹ̀ka àdúgbò tẹ̀ lé. Ẹ da ọ̀rọ̀ náà kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Òun ni orúkọ ilẹ̀ yín níwájú òfin. Àdírẹ́sì kò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ gbé e lọ sórí ojú ìwé Harris County Clerk, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, kí ẹ wá plat àdúgbò yín, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi pín ilẹ̀ náà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹ ó rí gígùn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, bíi 60.00 tàbí 115.00 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ wo àwọn lẹ́tà kéékèèké náà: B.L. ni ìlà tí ilé kò gbọ́dọ̀ kọjá sí iwájú, U.E. ni ibi tí iléeṣẹ́ iná tàbí omi lẹ́tọ̀ọ́ láti kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀. Máàpù owó orí kì í sábà fi U.E. hàn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ ni fẹ́ǹsì ti máa ń kó èèyàn sí wàhálà. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀, dọ́là 5 ni òǹtẹ̀, dọ́là kan sì ni ojú ewé kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú àwọn ìwé tí ẹ gbà lọ́jọ́ tí ẹ ra ilé. Ó ṣeé ṣe kí ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ wà níbẹ̀, tó fi ilé àti gáréèjì hàn pẹ̀lú bí wọ́n ṣe jìnnà sí ààlà. Bí kò bá sí, ẹ béèrè lọ́wọ́ title company, iléeṣẹ́ tó yẹ ìwé ilẹ̀ wò tó sì ṣètò ìrajà náà. Ìwé yẹn á tún sọ ohun tí wọ́n rì sí igun ilẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó sábà máa ń jẹ́, ìdajì íǹṣì tàbí 5/8 íǹṣì ní fífẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìdérí ike lórí. Iṣẹ́ kan náà tí bíkìn ń ṣe nílé ló ń ṣe, àmọ́ koríko ti sábà máa ń bò ó mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ tó ń wá irin ló máa ń rí i. Ẹ má ṣe fà á tu. Ẹ má sì wọn ilẹ̀ láti etí títì, torí pé ilẹ̀ yín kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ti ojú ọ̀nà ni ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó mú téèpù jáde fúnra rẹ̀ ti ń ṣìnà.

Bí àríyànjiyàn bá ṣì wà, awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ Texas, RPLS, ló lè parí rẹ̀. TBPELS, àjọ tó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ, ní ojú ìwé tí ẹ ti lè yẹ orúkọ rẹ̀ wò. Ẹ sọ fún un pé kó kan èèkàn sí ìlà ààlà lórí ilẹ̀, kì í ṣe kó kàn ya àwòrán fún yín. Ẹ bá ará ilé kejì yín sọ̀rọ̀ pé kí ẹ jọ pín owó rẹ̀; ó dín ju owó lọ́yà lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ihò, kó pe 811 ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń sàmì sí ibi tí páìpù gáàsì àti wáyà gbà. Bí fẹ́ǹsì àtijọ́ bá sì ti wà níbẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ, ẹ kọ́kọ́ rí lọ́yà, torí òfin Texas fàyè gba ẹni tó ti gba ilẹ̀ mọ́ra ní gbangba fún ọdún mẹ́wàá láti sọ pé òun ló ni ín, bí àwọn àmúyẹ yòókù bá pé.

Ní ti pulọ́ọ̀tì ẹ̀yìn ilé, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí máàpù, orúkọ àti àdírẹ́sì tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà sí ẹni tó ni ín á jáde. Ẹ má retí iye tí wọ́n rà á: ní Texas, òfin kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún ìjọba. Iye tí ẹ rí jẹ́ ti owó orí, bí wọ́n ṣe díwọ̀n rẹ̀ ní January 1. Bó bá jẹ́ orúkọ LLC, ìyẹn iléeṣẹ́ aládàáni, ẹ wá a lórí ojú ìwé Texas Comptroller, ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ lè mọ ẹni tó ń gba lẹ́tà fún un. Àwọn kan, bí ọlọ́pàá àti adájọ́, lẹ́tọ̀ọ́ láti fi orúkọ wọn pamọ́.

Orúkọ yẹn lè ti pẹ́. Ó ń gba oṣù mélòó kan nígbà mìíràn kí HCAD tó yí i padà lẹ́yìn títà. Nítorí náà, deed tó kẹ́yìn lọ́dọ̀ Clerk, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi gbé ilẹ̀ fún ẹni tó ni ín, ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ má ṣe ka deed of trust sí deed. Ìwé gbèsè báǹkì nìyẹn. Bí orúkọ olóògbé bá ṣì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí ló dé: ó lè jẹ́ pé gbogbo ọmọ ló jọ ni ín, ọ̀kan ṣoṣo kò sì lè dá a tà. Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì yẹn wo ọ́fíìsì owó orí káúńtì pẹ̀lú, torí gbèsè owó orí ń tẹ̀ lé ilẹ̀ lọ bá ẹni tó bá rà á.

Àdírẹ́sì inú àkọsílẹ̀ ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí, kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni bá fún yín lórí fóònù. Àwọn gbájúẹ̀ ń wo máàpù yìí náà, pulọ́ọ̀tì òfìfo ni wọ́n sì fẹ́ràn jù, torí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ tó máa rí wọn. Ẹni tó bá ń kánjú tà, tó tà á ní ẹ̀dínwó, tí kò fẹ́ kí ẹ rí òun lójúkojú, ẹ má san kọ́bọ̀ fún un. Kí owó gba ọwọ́ title company tí ẹ̀yin fúnra yín yàn.